Ẹ Má Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Bá Wa Ya Nẹ́búlà Kékeré

Ọ̀rọ̀ àwa tó ń fi tẹlisikóòpù ńlá ya fọ́tò ojú ọ̀run láti ẹ̀yìnkùlé ni mo gbé wá lónìí. Ohun méjì ni mo fẹ́ sọ, ìkejì ló sì lè bí àwọn kan nínú. Ìkíní: bí tẹlisikóòpù yín bá tóbi, ẹ fi àwọn nẹ́búlà ràgàjì tí gbogbo ayé ti yà tán sílẹ̀ ná, kí ẹ dojú ẹ̀rọ kọ àwọn kékeré tí à ń pè ní planetary nebula. Ìkejì: tí ẹ bá yà á tán, ẹ má gbé e fún sọ́fíwíà ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn AI, pé kó bá yín parí rẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ kí ojú yín dé, ẹ dúró síbẹ̀.

Kí tiẹ̀ ni planetary nebula?

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ. Kò sí pílánẹ́ẹ̀tì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. William Herschel, ọkùnrin tó rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus ní ìlú Bath ní ọdún 1781, ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1782, ó rí ohun kan tó rí roboto, tó jọ Uranus lójú tẹlisikóòpù rẹ̀. Òun la mọ̀ sí NGC 7009 lónìí. Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ irú wọn nìyẹn.

Ohun tí wọ́n jẹ́ gan-an rèé. Ìràwọ̀ tó tó oòrùn wa, tàbí tó jù ú lọ níwọ̀nba, máa ń darúgbó. Bí ohun tó ń jó nínú rẹ̀ ṣe ń tán lọ, á wú, á sì máa tú ẹ̀wù gáàsì ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú òfuurufú. Ohun tó máa kù láàárín ni ọkàn ìràwọ̀ náà, tó kéré, tó gbóná janjan. Ìtànṣán ọkàn yìí ló ń mú kí gáàsì tó ti bọ́ sílẹ̀ máa tàn. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í pẹ́. Láàárín bí 10,000 sí 20,000 ọdún, gáàsì á fọ́nká, á pòórá. Lójú ìràwọ̀ tó ti wà fún ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún, ìṣẹ́jú kan péré nìyẹn.

Ẹ̀yin tó ń gbé ní gúúsù London, ẹ gbọ́ èyí. Ní Tulse Hill, tí kò jìnnà sí Peckham tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ni William Huggins kọ́ ilé tẹlisikóòpù rẹ̀ sí, nínú ọgbà ilé ara rẹ̀. Òwò aṣọ ni òun àti ìdílé rẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1864, ó dojú ẹ̀rọ kọ NGC 6543, ó sì fi ohun èlò tó ń tú ìmọ́lẹ̀ palẹ̀ sí oríṣiríṣi àwọ̀, bí òṣùmàrè, wò ó. Òṣùmàrè kò jáde. Ìlà díẹ̀ tó ń tàn ló rí. Bó ṣe mọ̀ nìyẹn pé gáàsì ni nẹ́búlà náà, pé kì í ṣe ìràwọ̀ tó kóra jọ. Ìlà tó mọ́lẹ̀ jù nínú wọn, tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín àwọ̀ ewé àti búlúù, dààmú àwọn onímọ̀ fún ọdún pípẹ́. Wọ́n tiẹ̀ rò pé èròjà tuntun ni, wọ́n sọ ọ́ ní nebulium. Ọdún 1927 ni Ira Bowen tó fi hàn pé ọ́síjìn ni, ọ́síjìn tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ti bọ́ lára rẹ̀. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́ 500.7 nánómítà. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, á wúlò láìpẹ́.

Wọ́n ti kéré tó?

Àwọn awòràwọ̀ pín òbírí ojú ọ̀run sí dìgírì 360. Wọ́n pín dìgírì kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 60, wọ́n sì tún pín ìkọ̀ọ̀kan nínú 60 yẹn sí 60 mìíràn. Ẹyọ kan nínú èyí tó kéré jù yìí ni wọ́n ń pè ní arcsecond. Òṣùpá fẹ̀ tó bí 1,800 arcsecond. Jupiter máa ń tó 45 nígbà tó bá sún mọ́ wa. NGC 7027, tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ Cygnus, kò ju nǹkan bí 14 lọ. IC 418, tó wà nínú Lepus, tó bí 12. Tí ẹ bá fẹ́ to NGC 7027 láti etí òṣùpá kan dé èkejì, ẹ máa nílò bí 130 wọn.

Àmọ́ kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. NGC 7027 jìnnà sí wa tó bí 3,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ṣírò pé gáàsì rẹ̀ tó ń tàn yìí kò tíì ju nǹkan bí 600 ọdún lọ. Ọmọdé pátápátá ni láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti kéde ní ọdún 2019 pé àwọn rí mólékù tí hílíọ́ọ̀mù àti háídírójìn jọ dá, irú èyí tí àwọn onímọ̀ gbà pé òun ló kọ́kọ́ wà lágbàáyé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń wá a.

Àǹfààní kan tún wà fún àwa tó ń gbé nígboro. Nẹ́búlà ńlá máa ń tẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ká, iná títì á sì bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tó kéré kó tirẹ̀ jọ sójú kan. Tí ẹ bá fi asẹ́ ìmọ́lẹ̀ síwájú kámẹ́rà, ìyẹn gíláàsì tó jẹ́ pé 500.7 nánómítà àti ìwọ̀nba àyíká rẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ kó kọjá, ọ̀pọ̀ iná ìgboro á ṣẹ́kù síta, bí èèrí ṣe ń ṣẹ́kù sínú asẹ́ nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì. Ẹni tó ń gbé ní London, ní Houston tàbí ní Toronto lè ya wọ́n láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Ìṣirò tó yẹ ká ṣe

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, kò le. Ẹ mú tẹlisikóòpù ínǹṣì 16, tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 406. Ká ní ayé kò ní afẹ́fẹ́ ni, dígí yẹn á lè ya ohun méjì tó fi bí 0.3 arcsecond jìn síra sọ́tọ̀. Tí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé bá fi mìlímítà 1,829 jìn sí dígí, tí píksẹ́lì kámẹ́rà sì jẹ́ 3.76 máíkírọ́ọ̀nù, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan á gba 0.42 arcsecond. NGC 7027 á wá fẹ̀ tó píksẹ́lì 33.

Ẹ óò ní 33 kò burú. Ó dáa. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń bẹ. Ẹ ti rí bí ooru ṣe máa ń jó lójú títì ọlọ́dà lọ́sàn-án gangan, tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè á máa gbọ̀n bí ẹni pé inú omi ló wà. Ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa náà nìyẹn. Ní Britain níbí, lálẹ́ ọjọ́ lásán, ìràwọ̀ tó yẹ kó rí bí ojú abẹ́rẹ́ á fẹ̀ tó arcsecond 2 sí 3. Ẹ fi 2.5 pín 14, ẹ ò ní rí 6 pé. Ìyẹn ni pé nínú píksẹ́lì 33 yẹn, láti etí kan dé èkejì, bí ibi 6 péré ló ní ohun tirẹ̀ láti sọ. Àwọn yòókù kàn ń tún ọ̀rọ̀ aládùúgbò wọn sọ ni. Ẹ̀ báà ra dígí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ kò mọ iye tí ẹ ná.

Ohun tó lè mú un sàn díẹ̀ ni sùúrù. Dípò kí ẹ ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kí ẹ wá ya 2,000 fọ́tò bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn. Afẹ́fẹ́ kì í gbọ̀n bákan náà ní gbogbo ìgbà, ó máa ń sinmi díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1978, David Fried ṣírò bí irú oríire bẹ́ẹ̀ ṣe lè wáyé tó. Ẹ to fọ́tò wọ̀nyẹn láti orí èyí tó mọ́ jù, kí ẹ mú 600 tó dára jù, kí ẹ pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Fọ́tò kan ṣoṣo máa ń rí bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i lójú. Tí ẹ bá pa 100 pọ̀, iyanrìn yẹn á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé tẹlisikóòpù síta fún wákàtí kan tàbí méjì kí dígí lè tutù bí afẹ́fẹ́ ìta, kí ẹ sì rí i pé dígí ńlá àti kékeré kọjú síra wọn dáadáa.

Lálẹ́ tó bá dára, ẹ lè dé bí 1.5 arcsecond. Ibi 6 ti di 9 nìyẹn. Ó lè dà bíi pé èrè náà kéré, àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà ti pín

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe gbogbo èyí dáadáa, wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ pàápàá. Ìgbà tí wọ́n bá jókòó ti kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kan, 9 á sì di 33. Okùn gáàsì tín-ín-rín á yọ, etí nẹ́búlà á mú bí abẹ. Ó máa ń rẹwà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n níbo ló ti rí i?

Sọ́fíwíà ni mo ń kọ jẹun, torí náà ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá tí ẹ ń kọ́ ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù yín láìfi àmì kankan sí i: "Mo fe owo." Ṣé owó tó máa ná ló ń wá ni? Àbí ọwọ̀ tó máa fi gbálẹ̀? Àbí ọ̀wọ̀ ló ń bèèrè? Àbí òwò ló fẹ́ ṣe? Ẹ wá gbé e fún ẹ̀rọ tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ náà ti ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbólóhùn, "owó" ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó kà. Á kọ "Mo fẹ́ owó", àmì rẹ̀ á pé, á dùn ún wò. Ó lè jẹ́ ọwọ̀ ni ẹni yẹn ń wá o! Àmì orí "owó" yẹn kò ti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ̀wé wá, ìméfò ni. Ibi tó wá burú sí ni pé tí ẹ bá ń wo gbólóhùn náà, ẹ ò lè mọ̀, torí àmì tí a méfò àti àmì tó jẹ́ òótọ́, bákan náà ni wọ́n rí lójú.

Afẹ́fẹ́ ayé ló yọ àmì orí ìmọ́lẹ̀ nẹ́búlà yín. Sọ́fíwíà yìí ti wo fọ́tò rẹpẹtẹ, ó sì ti kọ́ bí ohun tó rí bàìbàì ṣe sábà máa ń rí tó bá mọ́. Lórí ìràwọ̀, ìméfò rẹ̀ kì í léwu púpọ̀, torí gbogbo ìràwọ̀ ló yẹ kó jẹ́ ẹyọ àmì kan. Lórí nẹ́búlà ńlá tó kún ojú fọ́tò, ohun tó bá fi kún un kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ti kékeré. Píksẹ́lì 33 lọ́nà 33 lé díẹ̀ ní 1,000. Ibi 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81. Nínú nǹkan bí 1,000 píksẹ́lì, ohun tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ rí kò ju bí 80 lọ. Tí sọ́fíwíà bá wá kún gbogbo rẹ̀ fún yín, ta ló ya fọ́tò náà?

Àwọn tó ń bá mi jiyàn

Èsì mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́. Èyí àkọ́kọ́ ni pé gbogbo fọ́tò ojú ọ̀run ni à ń tún ṣe, pé èmi náà ń tún tèmi ṣe. Òótọ́ ni. Ọ̀nà kan wà tí William Richardson kọ nípa rẹ̀ ní 1972, tí Leon Lucy náà sì kọ tirẹ̀ ní 1974. Wọ́n lò ó fún fọ́tò Hubble nígbà tí wọ́n rí i ní 1990 pé dígí rẹ̀ ní àbùkù. Ohun tí ọ̀nà yìí ń ṣe ni pé á wo bí ìràwọ̀ inú fọ́tò yẹn gan-an ṣe fẹ̀, á wá bi ara rẹ̀ pé, irú àwòrán wo ló máa rí báyìí tí a bá bà á jẹ́ lọ́nà kan náà? Ó lè ṣìnà, ó lè fi òrùka dúdú yí ìràwọ̀ ká. Ṣùgbọ́n kò mọ bí nẹ́búlà ṣe ń rí, kò sì rí fọ́tò ẹlòmíràn rí. Ohun tí ẹ kó fún un nìkan ló ń ṣírò lé lórí, àṣìṣe rẹ̀ sì ní ìrísí tí ojú mọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń nu ìwé tó dọ̀tí àti ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí i nìyẹn.

Èsì kejì: "Ó bá ti Hubble mu." Bí fọ́tò Hubble bá wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ sọ́fíwíà náà, kí ló yani lẹ́nu níbẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti rí ìdáhùn kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò kò lè fi máàkì rẹ̀ yangàn.

Èsì kẹta ló lágbára jù: "Eré ìgbádùn lásán ni. Ta ló pa lára?" Ẹ jẹ́ kí n fi nẹ́búlà méjì dáhùn.

Àkọ́kọ́ ni IC 418. Albert Zijlstra ti Yunifásítì Manchester àti Quentin Parker ti Yunifásítì Hong Kong kó àkọsílẹ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ, láti 1893 títí di àkókò wa yìí. Nígbà yẹn, ojú ni àwọn kan fi ń wò ó nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Látinú àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ ọ́síjìn rẹ̀ ti lágbára sí i tó ìlọ́po méjì ààbọ̀, àti pé ìràwọ̀ àárín rẹ̀ ti gbóná sí i ní ìwọ̀n dìgírì 3,000. Wọ́n rí ìràwọ̀ tó ń yí padà láàárín nǹkan bí 130 ọdún péré, nítorí pé àwọn tó ti kú tipẹ́ kọ ohun tí wọ́n rí, wọn ò kọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìkejì ni Hen 3-1357, tí wọ́n ń pè ní Stingray. Kékeré gan-an ni. Hubble yà á ní 1996, ó sì tún yà á ní 2016. Láàárín ogún ọdún, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, pàápàá ti ọ́síjìn, ìrísí rẹ̀ sì ti yí padà. Ẹ wá ronú sí i: ká ní sọ́fíwíà tó ti kọ́ ìrísí 1996 ni ẹnì kan lò láti mú fọ́tò 2016 mọ́. Á rọra dá aṣọ tó ti gbó padà sí tuntun, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́, ìròyìn tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ á sì rá.

Ìdí tí mi ò fi gbà pé eré lásán ni nìyẹn. Hubble kò lè máa wo nẹ́búlà kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Àwa tó ní tẹlisikóòpù lẹ́yìnkùlé pọ̀, a sì ní àkókò. Fọ́tò tí ẹ yà lónìí lè jẹ́ ẹ̀rí lọ́dún 2090, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ rí ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ju sọ́fíwíà dànù. Nǹkan mẹ́rin péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ tọ́jú àwọn fọ́tò tí ẹ kọ́kọ́ yà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n. Dísíìkì kò wọ́n tó alẹ́ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dára.

Ẹ dán ohun tí ẹ rí wò. Ẹ pín fọ́tò 600 yẹn sí méjì, 300 síbí, 300 sọ́hùn-ún, kí ẹ tún wọn ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Okùn gáàsì tó bá yọ nínú ọ̀kan tí kò yọ nínú èkejì, iyanrìn ló bí i. Ìdánwò yìí nìkan kò tó fún AI, torí ó lè méfò ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Torí náà, ẹ gbé fọ́tò alẹ́ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ burú fún un, kí ẹ wá fi èsì rẹ̀ wé fọ́tò alẹ́ tó dára tí AI kò fọwọ́ kàn rárá. Ẹ óò rí ohun tó fi kún un, tó bá fi kún un.

Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò: ọjọ́ tí ẹ yà á, iye ìṣẹ́jú-àáyá, iye fọ́tò, bí ìràwọ̀ ṣe fẹ̀ tó lálẹ́ ọjọ́ náà, asẹ́ tí ẹ lò, àti gbogbo ohun tí ẹ fi tún un ṣe. Tí AI bá wà níbẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí àwọn Herschel ṣe ṣe é náà nìyẹn: tí William bá wà lẹ́nu tẹlisikóòpù, Caroline àbúrò rẹ̀ á máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ má bẹ̀rù fọ́tò kékeré. Nẹ́búlà píksẹ́lì 33 tó rí bíi hóró àgbàdo aláwọ̀ ewé, tí etí rẹ̀ kò mú, fọ́tò gidi ni. Ìmọ́lẹ̀ tó rin ìrìn ọdún 3,000 ló yà á.

Ẹ̀yin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, NGC 6543 wà nínú Draco, kì í wọ̀ rárá ní Britain. NGC 6572 nínú Ophiuchus dára nígbà ooru, NGC 7027 àti NGC 7662 nígbà tí ewé bá ń já bọ́, IC 418 nígbà òtútù. Ẹ wọ kóòtù, kí ẹ gbé tíì dání. Tí ẹ bá ti rí tiyín, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ ṣáà má gbàgbé ọjọ́ àti iye ìṣẹ́jú-àáyá. Ó dìgbà o.